Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prósítéètì: èwo nínú ọjà tí wọ́n ń tà fún un ló tó owó ẹ̀?

Ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ róbà ìtọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prósítéètì kì í pẹ́ kó tó bá oríṣiríṣi ọlọ́jà pàdé. Ẹnìkan á ní kó ra ẹ̀rọ tó ń ta iná sí iṣan, òmíràn á gbé klámpù wá, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń fún nǹkan ọkùnrin pọ̀ kí ìtọ̀ má bàa jáde, ilé ìtajà oògùn á kó pámpáàsì àgbàlagbà síwájú rẹ̀, alágbo náà ò ní gbẹ́yìn. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Èyí tí a gbé sípò kìíní kì í ṣe ọjà orí àtẹ rárá, ẹ̀kọ́ ni: kí oníṣẹ́ físíò tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ìtọ̀ jókòó ti èèyàn, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún iṣan ìdí pọ̀, ìyẹn iṣan abẹ́ tó ń di ìtọ̀ mú, kì í ṣe ẹran ìdí, kó sì kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kó fún un. Àwọn yòókù, a máa sọ ibi tí ìwúlò ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó bàjẹ́. Ìlẹ̀kùn méjì ló ń di ìtọ̀ mú lára ọkùnrin. Ọ̀kan wà lọ́rùn àpò ìtọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí tó ń tì, a ò ní àṣẹ lórí ẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀ prósítéètì, èyí la lè pa láṣẹ. Nígbà tí wọ́n bá yọ gbogbo prósítéètì nítorí jẹjẹrẹ, ìlẹ̀kùn òkè sábà máa ń bá a lọ, gbogbo ẹrù á wá já lé ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lórí, òun náà sì lè ti fara gbọgbẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń jò tí èèyàn bá wúkọ́, tó bá sín, tó bá dìde lórí àga tàbí tó bá gbé garawa omi, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jò nígbà tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ inú prósítéètì tó wú fún, tí kò ní jẹjẹrẹ, ìṣòro tirẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀: ìtọ̀ á kàn ṣàdédé gbọ̀n ọ́n, kò sì ní lè mú un dúró dé ilé ìtọ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ prósítéètì tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà ló jẹ́ ti irú kejì yìí. Olùkọ́ tí kò bá bi yín léèrè irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sanwó fún un.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn irú ẹ̀kọ́ yìí ni ètò tí Patricia Goode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Ọkùnrin 208 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ti yọ prósítéètì wọn láti bí ọdún kan sí ọdún 17 sẹ́yìn, ìtọ̀ wọn sì ń jò síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà: fífún iṣan pọ̀, ọgbọ́n dídá ìtọ̀ dúró, ìmọ̀ràn lórí ohun mímu, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ̀. Àwọn tí tiwọn ń jò ní nǹkan bí ìgbà 28 lọ́sẹ̀ bọ́ sí 13. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ kún ẹ̀kọ́ tiwọn, ìyẹn èyí tó ń fi agbára iṣan hàn lójú sẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èyí tó ń ta iná, bọ́ láti 26 sí 12. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ní nǹkan kan, kúrò ní 25 bọ́ sí 21. Ẹ tún iye yẹn kà. Ẹ̀kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ kò fi ohunkóhun tó ṣeé fọwọ́ bà kún un. Ẹ sì mọ èyí náà: àwọn tó gbẹ pátápátá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ò ju bí 16 nínú 100 lọ. Kí jíjò dín sí ìdajì kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí ò lè jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí pé gbogbo ẹ̀ á dópin ní oṣù méjì ń ta ohun tí kò ní lọ́wọ́.

Ìwádìí mìíràn wà tó yẹ ká sọ, torí kò gbè lẹ́yìn àwọn tó ń gba owó ìpàdé púpọ̀. Cathryn Glazener àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain, ní 2011 bákan náà, fún àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ abẹ wọn ṣì tuntun ní ìpàdé mẹ́rin pẹ̀lú olùkọ́. Nígbà tí ọdún kan pé, nínú àwọn tí wọ́n yọ gbogbo prósítéètì wọn, 76 nínú 100 lára àwọn tó rí olùkọ́ ló ṣì ń jò díẹ̀díẹ̀, 77 nínú 100 sì ni lára àwọn tí kò rí i. Báwo la ṣe so ìwádìí méjèèjì pọ̀? Ní oṣù àkọ́kọ́, ara fúnra rẹ̀ ń wo ara rẹ̀ sàn, àwọn tí kò rí olùkọ́ náà sì ń dá ìdárayá ọ̀hún ṣe nílé. Nítorí náà, ẹ má san owó ìpàdé mẹ́wàá sílẹ̀ ní oṣù kìíní. Ẹ ra ẹ̀kọ́ kan tó péye, bó bá ṣeé ṣe kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ sì pa owó yòókù mọ́ fún ìgbà tí oṣù bíi mélòó kan bá kọjá tí ẹ rí i pé kò tíì dín.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn rèé. Wọn ò gbọdọ̀ ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí róbà ìtọ̀ ṣì wà lára yín, nítorí fífún iṣan mọ́ róbà lè dun yín, kó sì máa bí àpò ìtọ̀ nínú. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ fọwọ́ ba bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá lò níbí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń jí iṣan kan, òmíràn ń jí iṣan mìíràn. Tí wọ́n bá ní "ẹ fún ihò ìdí pọ̀," iṣan tó ń dá ìsó dúró ló máa ṣiṣẹ́ jù. Tí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin kúrú," ìlẹ̀kùn ìtọ̀ gan-an ló ń dáhùn jù. Ní èdè tiwa: ẹ fà á wọlé bí ìgbà tí ìgbín bá ń fa ara wọ ìkarahun. Kórópọ̀n náà á gbé sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ odò tútù. Bí olùkọ́ yín ò bá mọ̀ ju "ẹ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ só" lọ, ẹ béèrè tìkejì yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ dúró níwájú dígí láìwọṣọ kí ẹ yẹ ara yín wò. Tí ẹ bá ṣe é re, ìdí nǹkan ọkùnrin á wọlé díẹ̀, kórópọ̀n á gòkè, ikùn òkè, itan àti ẹran ìdí ò ní mira. Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn máa tì í sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya ìgbẹ́. Ìyẹn ń ṣílẹ̀kùn ni, kò tì í, ó sì ń mú kí jíjò burú sí i. Èkejì ni kó mú èémí dúró: inú á le, á wá tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò lè mú èémí dúró. Ẹ̀kẹta ni kó máa ki ẹran ìdí pọ̀. Ó ń rẹ èèyàn, ìlẹ̀kùn ò sì mọ nǹkan kan sí i. Àwọn kan ń dá ìtọ̀ dúró láàárín títọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdárayá. Ẹ lè fi wò ó lẹ́ẹ̀kan láti mọ iṣan náà, ẹ má sọ ọ́ di àṣà, àpò ìtọ̀ tí wọ́n bá ń dá lọ́wọ́ kọ́ lè má tú tán mọ́.

Ìwọ̀n tó dára ni kí ẹ fún un fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ fún 10, ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, mẹ́wàá tó yá kánkán, fún-dẹ̀, fún-dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ju àáyá mẹ́ta lọ, kó fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kó máa fi ẹyọ kan kún un lọ́sẹ̀. Dídẹ̀ náà ṣe pàtàkì bíi fífún: iṣan tí kò bá sinmi kò ní lágbára fún èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣe 300 lójúmọ́ torí kó lè tètè yá máa ń rí i pé ìtọ̀ ń jò sí i nírọ̀lẹ́, nítorí iṣan ti rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá kọjá lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ bọ́ sórí àga, lẹ́yìn náà lórí ìdúró, kí ẹ sì parí ẹ̀ lórí ìrìn. Orí ìdúró ni ìtọ̀ ti ń jò, orí ìdúró ló yẹ kí iṣan ti mọ iṣẹ́ ẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá gbé yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí ẹ̀kọ́ fi parí kò tíì kọ́ yín tán.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti dùn jù ni àsìkò. Ẹ fún un kí ikọ́ tó jáde, ẹ má dúró dìgbà tó bá jáde. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ fún un, ẹ mí jáde, ẹ wá dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbígbé àpò ìrẹsì, bíbọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, àti gígun àtẹ̀gùn. Ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń tú àṣírí ọkùnrin tiwa lóde àríyá: ẹ fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ tí àyà bá ti kan ilẹ̀, ẹ tún un fún kí ẹ tó fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Mùsùlùmí lè ṣe bákan náà lórí rúkúù àti ìforíkanlẹ̀. Ní ti ìmọ́tótó àlùwàlá fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jò, ìdáhùn wà fún un nínú ẹ̀sìn, ẹ bi Ààfáà yín, ẹ má torí ẹ̀ fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀.

Fún ẹni tó jẹ́ pé gbígbọ̀n òjijì ni tirẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yí padà. Sísáré lọ sílé ìtọ̀ ló ń fa jíjò jù: èèyàn ń sáré, inú ń mì, àpò ìtọ̀ sì ń fún ara ẹ̀ lọ́wọ́ ní àsìkò yẹn gan-an. Ẹ dúró sójú kan tàbí kí ẹ jókòó. Ẹ fún iṣan ìdí ní kíákíá ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Gbígbọ̀n náà ń wá bí ìgbì ni, ó máa ga, ó sì máa lọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ ni kí ẹ wá rìn lọ, ẹ má sáré. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fi kọ àkọsílẹ̀: aago tí ẹ tọ̀, iye tí ẹ tọ̀, ohun tí ẹ mu, ìgbà tó jò. Ike omi 75cl tí ẹ gé ẹnu ẹ̀, tí ẹ sì fi bírò sàmì sí ní 10cl, 10cl, tó fún wíwọ̀n. Tó bá jẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ ń lọ, ẹ sún un sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi 15 kún un ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi di wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí èèyàn máa tọ̀ "kó má bàa di pé" kó tó jáde nílé, nígbà gbogbo, ló ń kọ́ àpò ìtọ̀ láti máa ké pẹ̀lú díẹ̀.

Omi mímu ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gé, àṣìṣe ńlá sì ni. Ìtọ̀ tó ki, tó pọ́n, ń ta àpò ìtọ̀. Ìgbẹ́ náà á le, ìgbìnyànjú ilé ìgbẹ́ á sì máa sọ iṣan ìdí di aláìlágbára. Lítà 1.5 sí 2 lójúmọ́ ló tọ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 50cl mẹ́ta sí mẹ́rin, kó lé díẹ̀ nígbà ooru. Ẹ mu púpọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó sùn. Ohun tó yẹ kí ẹ gé ni káféènì àti ọtí: kọfí, tíì, ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé oorun, àti obì. Obì ni àwọn bàbá wa ń gbàgbé, wọ́n á ní àwọn ò mu kọfí rí, obì á sì wà lápò. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹni tó bá já a lójijì lè ní orí fífọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá òwúrọ̀ lẹ lè máa lò ó. Agbo tí wọ́n ní ó ń "fọ ìtọ̀," tó bá ń mú èèyàn tọ̀ sí i, á fi kún ẹrù ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ni.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, fún ẹni tó tọ̀ tán, tó di ṣòkòtò, tí ìtọ̀ wá kán sí i nídìí. Ìtọ̀ tó kù sínú ọ̀nà ìtọ̀ ni. Ẹ fi ìka mẹ́ta sí ẹ̀yìn kórópọ̀n, láàárín òun àti ihò ìdí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè, kí ẹ sì fà á bọ̀ síwájú títí dé ìdí nǹkan ọkùnrin, bí ẹni tó ń fún ọ̀rá ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ tán.

Ó wá ku àwọn ọjà. Ẹ̀rọ tó ń ta iná: ẹ ti rí iye òkè yẹn, ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi iṣan hàn lójú sẹ́ẹ̀tì wúlò níbì kan péré, fún ẹni tó gbìyànjú títí tí kò rí iṣan náà mú. Ìpàdé kan tàbí méjì nílé ìwòsàn tó fún un, kò yẹ kó rà á sílé. Ní Britain, àwọn físíò máa ń darí èèyàn sí ètò orí fóònù tó ń jẹ́ Squeezy for Men. Ó ń rán èèyàn létí, ó ń ka àáyá fún un, ó sì ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. Ó dáa fún ẹni tó bá ń gbàgbé. Àmọ́ kò lè mọ̀ bóyá ẹ ń fún un tàbí ẹ ń tì í, nítorí náà ẹ̀kọ́ ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀. Áláàmù fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ á ṣe ìdajì iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Páàdì wúlò, tí wọ́n bá ra èyí tó yẹ. Páàdì ọkùnrin ki níwájú, ibi tí ìtọ̀ ń bọ́ sí. Páàdì nǹkan oṣù obìnrin kì í ṣe ààrọ̀ rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ìtọ̀ ń yára ju ohun tó lè fà lọ, á sì máa rùn. Ẹni tó ń jò bí ṣíbí méjì, mẹ́ta lóòjọ́ tó wá ń wọ pámpáàsì àgbàlagbà ń fi owó ra ooru àti èélá. Ẹ fi omi fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi jẹ́lì Vaseline pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá pọ̀, á dí ojú páàdì, kò ní fa ìtọ̀ mọ́. Páàdì náà sì ni òṣùwọ̀n tó dára jù. Ẹ wọn èyí tó gbẹ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ kó gbogbo ti wákàtí 24 sínú ọ̀rá kan tí ẹ di ẹnu ẹ̀, ẹ wọn wọ́n, ẹ yọ ìwọ̀n gbígbẹ kúrò. Gíráàmù kan jẹ́ bíi mìlílítà kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá kúrò ní 200 bọ́ sí 80 á mọ̀ pé òun ń tẹ̀ síwájú, kódà tó bá jẹ́ pé páàdì mẹ́ta náà ló ṣì ń lò lójúmọ́.

Kọ́ńdọ́ọ̀mù ìtọ̀ tó ní róbà àti àpò lẹ́sẹ̀ dáa fún ìrìn àjò gígùn, Èkó sí Àbújá nínú ọkọ̀ fún àpẹẹrẹ. Ẹ wọn fífẹ̀ nǹkan ọkùnrin kí ẹ tó rà á. Tó bá fún ju, á pa ara lára. Tó bá tóbi, á bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Klámpù la fi ìkìlọ̀ tó pọ̀ jù lé lórí. Ó ń dá ìtọ̀ dúró lóòótọ́. Ní Kánádà, Katherine Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oríṣi mẹ́ta wéra ní 2004: èyí tí wọ́n ń pè ní Cunningham ló dá ìtọ̀ dúró jù, òun náà ló sì dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí nǹkan ọkùnrin kù. Nítorí náà, ó dáa fún wákàtí kan tí èèyàn fẹ́ fi ṣe eré ìdárayá tàbí jókòó níbi ìgbéyàwó. Ẹ tú u ní wákàtí kan sí méjì, ẹ má fi sùn láé. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ara rẹ̀ máa kú tipiri, tí kò ní mọ̀ tó bá ń dun òun, kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí gbígbọ̀n òjijì ni ìṣòro rẹ̀.

Tí ìtọ̀ bá dá pátápátá tí kò jáde mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ń bá a jáde, tàbí tí ibà bá gbé yín, ọ̀rọ̀ ìdárayá kọ́ nìyẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì di oṣù mẹ́fà tí ẹ ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, tí ó ṣì ń dà yín láàmú, ìlànà àwọn dókítà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2019 gbà pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ mìíràn: ọ̀já tí wọ́n ń fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ sókè, tàbí ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AMS 800, èyí tí èèyàn ń fún pọ́ǹpù kékeré rẹ̀ nínú kórópọ̀n tó bá fẹ́ tọ̀. Ẹ kó àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti ìwọ̀n páàdì oṣooṣù yẹn dání lọ, torí iye ìtọ̀ tó ń jò wà lára ohun tí dókítà á fi mọ èwo nínú méjèèjì ló bá yín mu.